Òrùlé Tí Màmá Fi Ṣe Àgbàlá

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àbúrò mi,

Màmá ní kí n kọ́kọ́ kí ọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, torí ó mọ̀ pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní rántí ìkíni mọ́. Ó kí ọ. Ó ní ṣé ò ń wọ ìbọ̀sẹ̀. Èmi náà kí ọ. Ó yá, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé Màmá kì í gbọ́ ohùn rẹ dáadáa lórí fóònù, èmi àti ìwọ náà kì í sì í sọ̀rọ̀ pẹ́ kí ọ̀kan nínú wa tó gé e. Nínú lẹ́tà, o ò lè gé mi. O máa kà á dópin, tàbí kí ó máa wò ọ́ láti orí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ ilé ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ilé bàbá wa, tí wọ́n kọ́ ilé alájà mọ́kànlá yìí sórí ilẹ̀ náà, tí wọ́n sì fi fúláàtì kan dí wa lẹ́nu, òkè pátápátá ni wọ́n kó wa sí. Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn. Ooru orí òrùlé máa ń wọlé bá wa bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn ààrò. Omi kì í dé ọ̀dọ̀ wa àfi tí pọ́ǹpù bá mu epo yó. Gbogbo ìlú ló sì ń gòkè báyìí. Ibi tí o ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí o wà ní kékeré, ilé alájà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, wọ́n sì tún ti ń gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wò ó pé ilẹ̀ ò ní padà wá bá wa mọ́. Tí a ò bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé òkè, òkè á ná wa tán.

O mọ iṣẹ́ mi. Alágbàfọ̀ ni mí, omi àti oòrùn ni mo fi ń jẹun. Mo gun orí òrùlé lọ wò ó: ó tẹ́ pẹrẹsẹ, sìmẹ́ńtì lásán, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo so okùn mi síbẹ̀. Mo bẹ wẹ́dà tó wà ní àjà kẹfà, ó so páìpù mọ́ ibi tí òjò ti ń ṣàn, a gbé táǹkì sídìí rẹ̀. Omi òjò ni mo fi ń fọṣọ. Omi tí mo bá fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, tí ọṣẹ ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀ mọ́, mi ò dà á nù. Ó ní páìpù tirẹ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará àjà kẹwàá àti ìkẹsàn-án. Omi tó bá ti wà lókè kì í béèrè epo kó tó sọ̀kalẹ̀. Epo tí pọ́ǹpù ń mu ti wálẹ̀ gan-an láti ìgbà náà. Bi akọ̀wé ilé, òun ló ń rà á.

Màmá sì ti sọ ibẹ̀ di àgbàlá. Ó to àwọn ike mi tó ti fọ́, ó rọ erùpẹ̀ sí wọn, ó gbin ata, ewébẹ̀, àti òdòdó kan tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ewé ti bo ibẹ̀, ooru yàrá wa ti dín. Láràárọ̀, ó máa di irin àtẹ̀gùn mú, a jọ máa gun díẹ̀ tó kù, á wá jókòó sábẹ́ aṣọ àwọn oníbàárà mi, á máa sọ fún mi pé mi ò fún ṣẹ́ẹ̀tì dáadáa.

Wàyí o. Lífíìtì ti kú láti òjò tó kọjá. Alábòójútó ilé ní kò sówó àtúnṣe. Ó wá mú ọkùnrin kan wá tó ń gbé pátákó ìpolówó ọjà. Ọ̀gbẹ́ni Onípátákó yìí fẹ́ gba gbogbo orí òrùlé. Ó lóun máa tún lífíìtì ṣe kíákíá, àmọ́ wọ́n á kó táǹkì, okùn àti ewé kúrò, wọ́n á sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn òkè. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí la máa dìbò, ìbò kan fún fúláàtì kan. Mo ti lọ láti àjà dé àjà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ fẹ́ pátákó, torí wọn kì í gun lífíìtì, wọn kì í sì í wá sókè, kò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará òkè wà lẹ́yìn mi. Èmi sọ pé kí á fi owó epo tí à ń dín kù lára pọ́ǹpù tún lífíìtì ṣe díẹ̀díẹ̀. Ó máa pẹ́, àmọ́ a ò ní ta ohun tí à ń lò láti fi ra ohun tí à ń wá. Mo ti ṣírò rẹ̀, ìbò tiwa la máa fi borí. Fọkàn balẹ̀.

Fi ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn ránṣẹ́ sí mi, èyí tó lágbára. Afẹ́fẹ́ òkè yìí gbé ṣòkòtò adájọ́ kan lọ sí òpópónà kejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe àwàdà. Mo sáré.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kejì

Àǹtí mi,

Mo kí yín o, mo kí Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí lẹ́tà yín gbẹ̀yìn. Bóyá ọ̀kan wà lọ́nà. Òtútù ibí ò tíì lọ, àmọ́ ara mi dá ṣáṣá.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Alábòójútó ilé kọ̀wé sí mi. Ó ní ẹnìkan ti ṣe tán láti tún lífíìtì ṣe, tí àwọn tó ni fúláàtì bá lè gbà kí ó lo orí òrùlé. Mi ò bọ́ kóòtù ọrùn mi tí mo fi fọwọ́ sí i. Mo dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an. Lílo òrùlé kẹ̀? Ta ló ń sun orí òrùlé?

Ẹ má tíì sọ fún Màmá. Mo fẹ́ kó bá a lójijì. Lọ́jọ́ tí lífíìtì bá gbéra, ẹ mú un sọ̀kalẹ̀, kí ẹ jọ lọ ra bàtà tuntun fún un. Ìgbà tí mo bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, mo bi í pé níbo ló wà, ó ní, "Mo wà lókè." Mo tún bi í lọ́sẹ̀ kejì, ó ní, "Òkè náà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé gogoro kan tó jẹ́ ti àwọn àgbàlagbà ni wọ́n gbé mi lọ báyìí, èmi ni mò ń gbé ẹrù wọn sókè, tí mò ń da ìdọ̀tí wọn nù. Ẹ bá mi tọ́jú ara yín.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Onílé wa,

Ó yẹ kí n kí ọ. Mo ti kí ọ.

Jẹ́ kí n ròyìn ìpàdé fún ọ, ìwọ tí o wà níbẹ̀ tí o ò wá. Gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ kún. Onípátákó ti fi lọ́fíńdà kún gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Akọ̀wé ilé, Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ka ìbò. Àwọn ìsàlẹ̀ nawọ́, ó kọ ọ́. Àwọn òkè nawọ́, ó kọ ọ́. Ó dọ́gba gẹ́lẹ́, ó ku tiwa. Mo dìde, mo na ọwọ́ mi sókè débi pé apá aṣọ mi já. Tíṣà wò mí láti òkè díńgí ojú rẹ̀.

"Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹni tó ni fúláàtì yín ti dìbò."

Mo ní, "Ta ló ni ín?"

"Àbúrò yín ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ó ti kọ̀wé pé kí pátákó máa bọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Ni Onígbàjámọ̀ àjà kejì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ, bá ní, "Áà! Àṣé tiwa ni yín látọjọ́ yìí, ẹ kàn ń wo bí àwọn ará òkè ṣe ń gbọ̀n ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo fi ẹsẹ̀ gun òkè padà, kò sí ará àjà kẹwàá kan tó bá mi sọ̀rọ̀. Obìnrin tí omi mi ń wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú. Wọ́n rò pé mo ti gbàbọ̀dè.

Ní ọjọ́ Ajé, lẹ́tà rẹ dé. O ní kí a jọ lọ ra bàtà.

Ta ló ń gbé ilé yìí? Ta ló ń gbọ́ ohùn pọ́ǹpù tí epo rẹ̀ bá tán? Orúkọ rẹ wà nínú ìwé torí pé lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín fúláàtì, ọkùnrin tó ń kọ orúkọ béèrè pé, "Ọmọkùnrin ilé yìí dà?" mo sì fi ọ́ hàn án. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́. Mi ò mọ̀ pé mò ń pọn ẹni tó máa dìbò lé mi lórí.

Má fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi. Kọ̀wé sí Tíṣà pé o yọwọ́. Mo ti wádìí: ẹni tó ni fúláàtì lè yọwọ́ tí wọn ò bá tíì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ìparí oṣù kẹrin, ní ìpàdé ilé tó ń bọ̀, ni wọ́n sì máa fọwọ́ sí i. Má jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò ní fúláàtì


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹta

Àǹtí mi,

Ẹ má bínú. Mo ka lẹ́tà yín méjèèjì tẹ̀léra, ti àkọ́kọ́ pẹ́ lọ́nà ni. Ká ní mo ti rí i ni, ǹ bá ti bi yín kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìtìjú tí mo kó bá yín láàárín èrò, ó dùn mí dé egungun.

Àmọ́ mi ò tíì yọwọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má gé mi.

Ìyá kan wà níbi iṣẹ́ mi, aránṣọ ni nígbà ayé agbára rẹ̀. Àjà kẹrìnlá ló ń gbé. Lífíìtì ìhà tirẹ̀ kú, wọ́n ní àwọn máa tún un ṣe, wọn ò ṣe é. Ilé rẹ̀ mọ́, fèrèsé rẹ̀ tóbi, òdòdó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa ń sọ pé, "Ẹ mà ń gbádùn o, Ìyá." Lọ́jọ́ kan tí mo gbé ẹrù dé, ó bi mí pé kí ni mo tẹ̀ mọ́ bàtà wá yìí. Mo wò ó, ẹrẹ̀ ni. Mo fẹ́ nù ún, ó ní rárá, kí n jẹ́ kí òun wò ó. Àǹtí mi, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kàn án.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bọ́ kóòtù kí n tó fọwọ́ sí i.

Ẹ sọ pé òrùlé ti di àgbàlá fún Màmá. Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ nínú gbogbo lẹ́tà yín, ẹ sọ ohun tí pọ́ǹpù fẹ́, ẹ sọ ohun tí àjà kẹwàá fẹ́, ẹ sọ ohun tí okùn yín fẹ́. Ṣé ẹ ti bi Màmá ohun tó fẹ́? Ṣé torí tirẹ̀ ni òrùlé yẹn, àbí torí aṣọ àwọn oníbàárà yín? Ẹ bi í. Ohun tó bá sọ ni mo máa ṣe.

Mo fi ohun tí wọ́n fi ń há aṣọ ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́ ṣáá.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

A kí ọ o. Mo rí àwọn ohun tí o fi ránṣẹ́. Wọ́n lágbára bí ẹnu rẹ.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi èsì bú ọ. Mo jókòó, mo kọ ọ́, mo ya á. Torí aṣọ àwọn oníbàárà mi kẹ̀? Aṣọ yẹn náà ló ń bọ́ Màmá. Tí wọ́n bá ti òrùlé pa, inú yàrá ni mo máa sá aṣọ sí, á máa rùn, àwọn oníbàárà á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fi iná gbẹ aṣọ, èmi á di ẹni tó ń ra omi pọ́ǹpù láti fi fọ aṣọ tí kò ní gbẹ. Mo mọ iye tí nǹkan á gbà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àmọ́ mo bi í. Orí òrùlé la wà, ó ń já ewé gbígbẹ lára ata rẹ̀. Mo ní, "Màmá, èwo lẹ fẹ́ nínú òrùlé yìí àti lífíìtì?"

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ta ló ní kí n mú ọ̀kan?"

Mo ní, "Màmá, wọ́n máa ti ọ̀kan pa kí ìkejì tó lè ṣí."

Ó ní, "Òrùlé yìí dùn mọ́ mi. Àmọ́ orí ilẹ̀ bàbá yín la ṣì wà, àbí? Mo wà lórí rẹ̀, mi ò sì lè tẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn nísàlẹ̀, mi ò rí ojú wọn. Mo fẹ́ lọ bá ìyàwó Aránbàtà jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn ní ìsàlẹ̀ ilé, kí n bú ẹni tó bá ń kọjá." Lẹ́yìn náà ló wá wò mí. "Ìwọ náà mọ̀. O kàn ń fi ewébẹ̀ tàn mí ni."

Mo lọ ń ká aṣọ tí kò tíì gbẹ.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ti ṣe láti ọjọ́ náà. Mo lọ bá Tíṣà, mo ní kí á jọ wo epo. Tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́ ní àárọ̀ nìkan, tí omi òjò sì ń ṣe ìyókù, owó epo tó bá ṣẹ́ kù á tó san owó ẹni tó máa tún lífíìtì ṣe kí òjò ọdún yìí tó tán. Lífíìtì náà ò gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kó ṣiṣẹ́ láàárọ̀, kó ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ṣì yá, kó fẹsẹ̀ rìn. Mo tún lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀. Mo sọ fún Onígbàjámọ̀ pé lọ́jọ́ tí omi ẹ̀rọ bá dá, orí tó ti fi ọṣẹ kùn ló máa máa wò ó nínú díńgí. Mo ní tí táǹkì bá wà lókè, omi á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí pọ́ǹpù. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i tó yíjú wo ike omi rẹ̀.

Kò tíì yí ìbò rẹ̀ padà. Tiwa ló kù. Màmá ti sọ̀rọ̀: méjèèjì ló fẹ́. Tí pátákó bá dé, ọ̀kan ló máa rí, títí láé. Tí o bá yọwọ́, ó máa rí méjèèjì, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀. Kọ̀wé, àbúrò mi. Mo bẹ̀ ọ́, o sì mọ̀ pé mi kì í bẹ̀bẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Àbúrò mi,

Ṣé ara le? Mi ò tíì rí èsì. Alábòójútó gbé àgádágodo wá lánàá, ó lóun kàn fẹ́ wọ̀n ọ́n wò ni. Mo gbé àwọn ike ìfọṣọ mi sí ẹnu ọ̀nà òrùlé, mo jókòó sáàárín wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọṣọ. Ó ní kí n yẹra. Mo ní kó ràn mí lọ́wọ́ fún aṣọ ìbùsùn yìí ná, torí ó wúwo. Ó di ìkángun kan mú, ó fún un, bàtà rẹ̀ kún fún omi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó máa padà wá. Mi ò lè fi aṣọ ìbùsùn lé e títí di ìparí oṣù. Bí o bá ń bínú, bínú sínú ìwé kí o fi ránṣẹ́. Kí n ṣáà rí nǹkan kà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Àǹtí mi,

Mi ò bínú. Ọ̀dọ̀ àwọn aṣojú ìjọba wa ní ìlú yìí ni mo ti ń lọ, tí mò ń bọ̀, torí mi ò fẹ́ kọ ohun tí Alábòójútó máa sọ pé kò bófin mu. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ń bọ̀ wálé lọ́la, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán kó lè tètè dé.

Mo ti yọwọ́. Ìwé rẹ̀ ló wà nínú àpò yìí, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ fún Tíṣà.

Àmọ́ ẹ má tíì fò sókè. Ìwé kejì tún wà níbẹ̀. Láti òní lọ, kì í ṣe èmi ni mo ni ìbò fúláàtì yẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀yin. Màmá ni. Ohun tí ó bá wù ú ni kó dì í fún. Ẹ má sọ ohun tó máa ṣe fún un, èmi náà ò ní sọ ọ́. Àwa méjèèjì ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tó.

Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wà ní ìpàdé ìparí oṣù fúnra rẹ̀ kó tó lè dì í. Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa mú un sọ̀kalẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa rí i ṣe.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Àbúrò mi,

Mo mọ̀ pé o ti ń retí. Ìdí tí mo fi pẹ́ ni pé mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí kí n tó kọ ọ́, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni.

Ẹni tí o rán dé nígbà tí ìpàdé oṣù kẹrin ku ọ̀la. Mo ka ìwé méjèèjì, mo kọ́kọ́ bú ọ, mo wá lọ kan ilẹ̀kùn àjà kẹwàá. Obìnrin tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú ló ṣí i. Mo fi òǹtẹ̀ hàn án. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Àga wo la máa fi gbé e?"

Bí a ṣe ṣe é nìyí. A gbé Màmá jókòó sórí àga onírin, wẹ́dà fi ọ̀já dì í. Èmi àti àwọn ará àjà kẹwàá gbé e dé àjà kẹsàn-án, àwọn ará ìkẹsàn-án gbà á. Àjà kọ̀ọ̀kan ń gbà á lọ́wọ́ àjà tó wà lókè rẹ̀, kí ó má bàa rẹ ẹnikẹ́ni. Màmá ò dákẹ́ títí a fi délẹ̀. "Ẹ rọra! Ṣé àpò sìmẹ́ńtì ni mí ni? Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò jẹun ni?" Nígbà tó dé àjà kejì, Onígbàjámọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹni tó dìbò fún pátákó. Ó dúró, ó wo Màmá, ó wo àtẹ̀gùn. Ó káwọ́ aṣọ rẹ̀, ó tẹ̀ ba. Màmá ní, "Ìwọ ni ẹlẹ́nu abẹ? Má jẹ́ kí n ṣubú o, torí mo ṣì ní ìbò kan láti dì."

Nínú gbọ̀ngàn, Màmá ní òun ò tíì dìbò, òun ní ìbéèrè. Ó ní kí Onípátákó dìde. Ó ní, "Ọmọ mi, pátákó rẹ yìí, ojú ta ló ń wò?"

Ọkùnrin náà ní, "Ojú gbogbo ìlú, Màmá. Wọ́n á rí i láti ọ̀nà jínjìn."

"Àwa tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Ó wo Alábòójútó. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa kọ sí yín."

Màmá ní, "Mo ti gbọ́. Tíṣà, kọ tèmi sílẹ̀: rárá." Ó kù díẹ̀ kí n dá sí i, mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ, mo di ẹnu mi mú. Onígbàjámọ̀ náà dìde, ó ní òun náà yí tòun padà. Wọ́n ní kí ló dé. Ó ní omi ni.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe borí. Gbogbo èèyàn ń dunnú. A gbé àga, a ní ká máa lọ sókè. Màmá di ẹsẹ̀ tábìlì Tíṣà mú.

Ó ní, "Mi ò lọ."

Mo ní, "Màmá, ìpàdé ti parí, ẹ ti borí."

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ borí, ẹ ti gba òrùlé yín. Èmi ò tíì gba lífíìtì mi. Wọn ò ní gbé mi bí ẹrù lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ ni mo máa gòkè."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo sunkún díẹ̀. Kò gbọ́. Ìyàwó Aránbàtà ní yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ àwọn. Bí Màmá ṣe ń gbé ìsàlẹ̀ nìyẹn, tí èmi ń fi ẹsẹ̀ mi gbé oúnjẹ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Láti àárọ̀ ló máa jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ní ojú ọ̀nà gan-an, níbi tí gbogbo ará ilé ń gbà wọlé. Ẹni tó bá ń kọjá, Màmá á kí i, á ní, "O káàbọ̀. Lífíìtì wa ńkọ́?" Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọlé lẹ́yìn ilé, ó bá ní kí Aránbàtà gbé àga òun sí igun, kí òun lè máa rí ọ̀nà méjèèjì.

Ohun tí èmi ti ṣírò pé òjò máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó parí, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní pọ́ǹpù àárọ̀ nìkan kò tó àwọn, ó ti wá tó wọn. Àwọn tó ní àwọn ò lè fi kún owó epo tá a fi pamọ́, wọ́n rí nǹkan fi kún un. Alábòójútó fúnra rẹ̀ ló lọ mú ẹni tó ń tún lífíìtì ṣe wá, ó ní òun ò lè máa wọ ọ́fíìsì òun kí wọ́n máa bi òun léèrè láràárọ̀. Lífíìtì ti gbéra báyìí, Màmá sì ti fi í gòkè padà wálé, bó ṣe sọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe sọ ọ́. Lọ́sàn-án, a máa ń fẹsẹ̀ rìn, orúnkún mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òjò ń rọ̀, táǹkì kún, okùn mi gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ará àjà kẹjọ ti ní kí n mú páìpù dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Lẹ́tà rẹ tuntun dé lónìí. Mo rí i pé o kọ ọ́ sí Màmá ní tààrà, o ò kọ ọ́ sí mi, o sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbé e gun orí òrùlé, mo rò pé ó wà nídìí ata rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Mo wo inú yàrá, kò sí níbẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà, àga rẹ̀ ló wà níbẹ̀, òun àti ìyàwó Aránbàtà ti jáde. Wọ́n ní wọ́n gba ọ̀nà ọjà lọ. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn, ó di apá obìnrin yẹn mú, ó sì ń bínú sí bí ìlú ṣe pọ̀ tó.

Mo dúró dè é títí oòrùn fi wọ̀, kò tíì dé. Mo ti fi lẹ́tà rẹ sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Tó bá ráyè wálé, á kà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ